Harriet Harman àti ọdún 41 nílé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì: ta ló ń fún MP lágbára, ta ló sì lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?

Ní ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún ọdún 2024, wọ́n tú ilé aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ká nítorí ìdìbò, Harriet Harman sì palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ọdún 41 àti oṣù méje. Kò tíì sí obìnrin tó jókòó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láìkúrò nílé náà rí. Àdúgbò kan náà ló ṣojú fún látọjọ́ tó ti wọlé, ìyẹn Peckham ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ibi tí ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí débi pé àwọn èèyàn ń pè é ní Èkó Kékeré.

Síbẹ̀, ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yé èèyàn. Àwọn kan gbà pé mínísítà ló ń ṣe ní gbogbo ọdún yẹn. Àwọn mìíràn rántí pé Tony Blair, Olóòtú Ìjọba nígbà yẹn, yọ ọ́ nípò lọ́dún 1998, wọ́n sì ń béèrè bó ṣe tún wà nílé aṣòfin lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ní ó ti darí ẹgbẹ́ Labour lẹ́ẹ̀mejì, kí ló dé tí kò fi di Olóòtú Ìjọba? Nísinsìnyí tí wọ́n wá ń pè é ní Baroness, àwọn kan rò pé ó ti bá ìdílé ọba tan ni.

Ìbéèrè gidi ni gbogbo wọn, torí ètò tí a mọ̀ nílé yàtọ̀. Ní Nàìjíríà, gómìnà kì í lò ju ọdún mẹ́jọ lọ, aṣòfin tí wọ́n bá sì fi ṣe mínísítà gbọ́dọ̀ fi ìjókòó rẹ̀ sílẹ̀. Ti Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó máa là á yé wa ni pé ọwọ́ tó fún Harman ní nǹkan kò jẹ́ ọ̀kan náà. Ará Peckham fún un ní ìjókòó, Olóòtú Ìjọba fún un ní ipò mínísítà, ọmọ ẹgbẹ́ fi í ṣe igbákejì olórí, àwọn aṣòfin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi ìgbìmọ̀ lé e lọ́wọ́. Ẹni tó bá fúnni náà ló lè gbà á padà.

## Kí ni MP, kí sì ni mínísítà?

MP ni ẹni tí àwọn ará ẹkùn ìdìbò kan dìbò yàn láti ṣojú wọn nílé aṣòfin tí wọ́n ń pè ní House of Commons. Ẹkùn 650 ló wà, aṣòfin 650 ló sì wà níbẹ̀. Òfin kò sọ iye ìgbà tí èèyàn lè lọ mọ. Bí àwọn ará ẹkùn rẹ̀ bá ṣì ń yàn án, ó lè wà níbẹ̀ títí táá fi darúgbó. Ìdìbò gbogbogbòò méjì kò gbọ́dọ̀ jìnnà síra ju bí ọdún márùn-ún lọ, àmọ́ Olóòtú Ìjọba lè pè é kí àkókò tó pé.

Mínísítà ni ẹni tí Olóòtú Ìjọba mú láti bójú tó iṣẹ́ ìjọba kan. Àárín àwọn aṣòfin fúnra wọn ló ti ń mú wọn, yálà láti Commons tàbí láti House of Lords, ilé kejì tí aráàlú kì í dìbò yàn sí. MP tó bá di mínísítà kì í fi ìjókòó sílẹ̀. Iṣẹ́ méjèèjì ló ń ṣe pọ̀.

Ẹ wo dírẹ́bà danfo. Láísẹ́ǹsì wà lápò dírẹ́bà, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sì jẹ́ ti ọlọ́kọ̀. Bí inú bá bí ọlọ́kọ̀ lálẹ́ yìí, ó lè gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, àmọ́ kò lè fọwọ́ kan láísẹ́ǹsì. Ìjókòó MP ni láísẹ́ǹsì, ipò mínísítà ni kọ́kọ́rọ́. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Harman lọ́dún 1998, wọ́n fún un ní òmíràn lọ́dún 2001, láísẹ́ǹsì rẹ̀ kò sì kúrò lápò rẹ̀. MP tí kò bá sí nípò mínísítà, tí kì í sì í ṣe agbẹnusọ àgbà fún ẹgbẹ́ rẹ̀, ìjókòó ẹ̀yìn ló ń wà. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní backbench.

## Báwo ló ṣe dé Peckham?

Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí Harman sí lọ́dún 1950. Ó kẹ́kọ̀ọ́ òṣèlú ní yunifásítì York, ó sì di agbẹjọ́rò. Nílé ìrànwọ́ òfin kan ní Brent, ó gba àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ Grunwick nímọ̀ràn, àwọn tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ obìnrin láti ilẹ̀ Éṣíà, tí wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀ láti ọdún 1976 sí 1978. Nídìí ọ̀rọ̀ yẹn ló ti pàdé Jack Dromey, ọmọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, tí wọ́n jọ ṣègbéyàwó lọ́dún 1982.

Láti ọdún 1978, àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aráàlú, National Council for Civil Liberties, ló ń ṣiṣẹ́ fún. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ba tirẹ̀ jẹ́. Nínú ẹjọ́ ẹlẹ́wọ̀n kan, wọ́n ka àwọn ìwé ìjọba sókè ní kóòtù níṣojú gbogbo ayé. Harman wá jẹ́ kí akọ̀ròyìn kan wo àwọn ìwé náà. Lọ́dún 1982, àwọn adájọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá a lẹ́bi pé ó tàpá sí kóòtù. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Yúróòpù, ìjọba sì gbà láti tún òfin ọ̀hún ṣe.

Lọ́dún yẹn kan náà ni Harry Lamborn tó jẹ́ MP Peckham kú. Bí MP bá kú tàbí tó bá fipò sílẹ̀, wọn kì í dúró de ìdìbò gbogbogbòò. Ẹkùn yẹn nìkan ló máa dìbò láti fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ìdìbò náà wáyé ní ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá ọdún 1982, inú oyún ni Harman sì wà nígbà tó ń kiri ojúlé. Ó borí Dick Taverne ti ẹgbẹ́ SDP, àti John Redwood ti Conservative tó ṣe ẹ̀kẹta. Ká lè mọ irú ilé tó wọ̀: nínú ìdìbò gbogbogbòò tó ṣáájú, lọ́dún 1979, obìnrin 19 péré ló wọlé nínú aṣòfin 635.

Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ dupò MP máa ní kí olùdìbò mẹ́wàá ní ẹkùn náà fọwọ́ sí ìwé rẹ̀, á sì fi £500 sílẹ̀. Bí kò bá rí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìbò tí wọ́n dì, owó yẹn di ti ìjọba. Ìyẹn rọrùn. Ibi tó ti nira ni kí ẹgbẹ́ fa èèyàn kalẹ̀, pàápàá ní àdúgbò tí ẹgbẹ́ kan ti fìdí múlẹ̀ bíi Peckham, níbi tó jẹ́ pé ẹni tí Labour bá ti mú ló sábà máa ń wọlé.

## Kí ló mú kí wọ́n máa yàn án?

Ìdìbò 11 ni Harman dù ní Peckham, gbogbo rẹ̀ ló sì wọlé. Orúkọ ẹkùn náà yí padà nígbà tí wọ́n tún ààlà pín: Peckham ni títí di 1997, Camberwell and Peckham ni títí di 2024, ó sì ti padà di Peckham báyìí.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ẹgbẹ́ Labour ló gbé ọ̀pọ̀ jù nínú ìbò yẹn wá. Lọ́dún 2019 tí Labour ṣubú lulẹ̀ káàkiri, tí ìjókòó wọn wálẹ̀ sí 202, Harman ṣì fi ìbò tó lé ní 33,000 borí ẹni tó tẹ̀ lé e. Àmọ́ ẹgbẹ́ nìkan kì í gbé èèyàn dé ọdún 41. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní àdúgbò lè kọ̀ láti fa MP kalẹ̀ padà, ó sì ti ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ èèyàn. Iṣẹ́ ojúlé àti ìjókòó pẹ̀lú aráàlú ni kì í jẹ́ kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé níbẹ̀ kò mọ̀. Ẹ kò nílò páálí Gẹ̀ẹ́sì kí ẹ tó lè dìbò yan MP. Ọmọ orílẹ̀-èdè Commonwealth ni ọmọ Nàìjíríà. Bí ẹ bá ti pé ọdún 18, tí ẹ ń gbé níbẹ̀ pẹ̀lú físà tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ lè forúkọ sílẹ̀ kí ẹ sì dìbò. Láti ọdún 2023, ẹ gbọ́dọ̀ mú ìwé ìdánimọ̀ tó ní fọ́tò lọ sí ibùdó ìdìbò, wọ́n sì ń gba páálí Nàìjíríà. Láti dupò fúnra yín ni ẹ máa nílò ìwé ìgbélùú tí kò lọ́jọ́ ìparí.

## Kí ni MP lè ṣe fún ará àdúgbò rẹ̀?

Níbí ni àìgbọ́ra-ẹni-yé ti pọ̀ jù, torí ọ̀rọ̀ físà ló pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn èèyàn Peckham ń gbé wá sọ́dọ̀ MP. MP máa ń ṣe ìjókòó kan tí wọ́n ń pè ní surgery, níbi tí ará ẹkùn rẹ̀ ti lè wá ro ẹjọ́ lójúkojú, ọ̀fẹ́ sì ni. Ohun tó lè ṣe lẹ́yìn náà ni pé kó kọ̀wé sí Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ físà, kó béèrè ibi tí ìwé yín há sí, kó sì ní kí wọ́n tún un gbé yẹ̀ wò. Home Office ní ọ̀nà àkànṣe tí wọ́n fi ń dá ọ́fíìsì MP lóhùn, ìdí nìyẹn tí ìwé tó ti sùn fún oṣù púpọ̀ fi lè jí.

Àmọ́ MP kò lè fún yín ní físà. Kò lè pàṣẹ fún adájọ́, kì í sì í ṣe lọ́yà yín. Ibi tó ti ń dun èèyàn jù nìyí: lẹ́tà MP kì í dá ọjọ́ dúró. Bí Home Office bá já ìwé yín, tí ẹ sì ní ẹ̀tọ́ láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn láti inú ìlú náà, ọjọ́ 14 ni ẹ ní. Àwọn kan á kọ̀wé sí MP, wọ́n á jókòó ti èsì, ọjọ́ á sì kọjá mọ́ wọn lórí. Ẹ pe ẹjọ́ yín ná, kí ẹ tó máa retí MP.

Bí ẹ bá ń kọ̀wé, ẹ kọ àdírẹ́sì yín tán pátápátá pẹ̀lú postcode, torí MP kan kì í dá sí ẹjọ́ ará ẹkùn MP mìíràn. Ẹ fi orúkọ yín sí i bó ṣe wà nínú páálí, ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà tí Home Office kọ sórí ìwé yín, ọjọ́ tí ẹ fi ìwé sílẹ̀, àti ẹ̀dà lẹ́tà tí wọ́n kọ kẹ́yìn. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n ló ń kọ̀wé nítorí àbúrò, àbúrò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé pé òun gbà bẹ́ẹ̀. Láìsí ìyẹn, òfin ìpamọ́ àṣírí ò ní jẹ́ kí Home Office sọ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ ilé káńsù, ìdọ̀tí tàbí iná òpópónà, kánsẹ́lọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá.

MP tún lè fi ẹnu rẹ̀ gbè yín nígbangba, bí ìyẹn kò tilẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ náà dòfin. Lọ́dún 2010, lẹ́yìn tí Labour kúrò nílé ìjọba, Harman pe àwọn ará àdúgbò rẹ̀ tó ń fi owó ránṣẹ́ sílé ní Áfíríkà ní akọni, ó sì ní ó yẹ kí ìjọba fi ọ̀rọ̀ owó orí ràn wọ́n lọ́wọ́. Àwọn ìwé ìròyìn kan ta kò ó gidigidi, ìmọ̀ràn náà kò sì lọ síbì kan.

## Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1997 àti 1998?

Nígbà tí Labour wọlé ní oṣù karùn-ún ọdún 1997, Blair fi Harman ṣe mínísítà tó ń bójú tó owó ìrànwọ́ aráàlú, ó sì tún fi ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin kún un. Kí wọ́n tó wọlé, Labour ti ṣèlérí pé fún ọdún méjì, àwọn kò ní ná ju iye tí ìjọba Conservative ti là sílẹ̀. Nínú ohun tí Conservative là sílẹ̀ ọ̀hún ni gígé àlékún owó tí àwọn tó ń dá tọ́mọ ń gbà wà. Àwọn tó ń dá tọ́mọ yìí, obìnrin ni ọ̀pọ̀ wọn.

Mínísítà kò láṣẹ láti dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan kó ní òun ò sí níbẹ̀. Ohun tí ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà bá ti fẹnu kò lé lórí, gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ gbè é nígbangba. Ẹni tí kò bá lè gbè é, kó fi ipò sílẹ̀. Harman gbè é. Ní ọjọ́ 10 oṣù kejìlá ọdún 1997, aṣòfin Labour 47 dìbò ta ko ìjọba ara wọn lórí ọ̀rọ̀ náà. Ìjọba borí, àmọ́ orúkọ Harman ló fara gbọgbẹ́. Ó ti ń jà láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pé kí ìjọba ran ìyá olọ́mọ lọ́wọ́, ẹnu rẹ̀ náà ló wá fi gbèjà gígé owó wọn. Lójú tèmi, kò sí àṣìṣe tó tó èyí nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, ó sì gbà á lọ́wọ́ ohun rere tó ṣe lákòókò yẹn, bí ètò ìtọ́jú ọmọdé fún gbogbo ìlú tó kópa nínú ṣíṣe rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 1998. Ní oṣù keje ọdún yẹn, Blair yọ ọ́.

Àwọn 47 yẹn ńkọ́? Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àwọn tó ń da aṣòfin jọ fún ìbò; whip ni wọ́n ń pè wọ́n. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi ìwé ránṣẹ́, wọ́n á sì fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìlà kan túmọ̀ sí pé wíwá yín dára; ìlà mẹ́ta túmọ̀ sí pé ẹ gbọ́dọ̀ wá, kí ẹ sì dìbò bí ẹgbẹ́ ṣe wí. Ẹni tó bá ṣẹ ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ lè ní kó lọ rọ́kún nílé, síbẹ̀ MP ló ṣì jẹ́. Diane Abbott ti Hackney wà bẹ́ẹ̀ láti oṣù kẹrin ọdún 2023 títí di oṣù karùn-ún ọdún 2024, ó sì ń jókòó nílé aṣòfin lóun nìkan, láìsí ẹgbẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ọdún mẹ́ta ni Harman lò lórí ìjókòó ẹ̀yìn. Lọ́dún 2001, Blair fi í ṣe Solicitor General, ọ̀kan lára àwọn agbẹjọ́rò àgbà méjì fún ìjọba. Obìnrin kankan kò ṣe é rí ṣáájú rẹ̀.

## Ó darí ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí ló dé tí kò di Olóòtú Ìjọba?

Ní oṣù kẹfà ọdún 2007, Labour dìbò yan igbákejì olórí. Harman fi 50.43% borí Alan Johnson tó ní 49.56%. Igbákejì olórí ẹgbẹ́ kì í ṣe igbákejì Olóòtú Ìjọba. Ọmọ ẹgbẹ́ ló ń fúnni ní tàkọ́kọ́, Olóòtú Ìjọba ló ń fúnni ní èkejì bó bá wù ú. John Prescott tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ní méjèèjì. Gordon Brown, Olóòtú Ìjọba tuntun nígbà yẹn, kò fún Harman ní èkejì. Ó fi í ṣe olùdarí ètò ilé aṣòfin àti mínísítà fún obìnrin àti ìdọ́gba.

Nígbà tí Labour bá wà ní alátakò, tí olórí wọn sì fipò sílẹ̀, igbákejì ló máa di adelé títí wọ́n á fi dìbò. Bẹ́ẹ̀ ni Harman ṣe di adelé lẹ́yìn tí Brown lọ ní oṣù karùn-ún ọdún 2010, títí wọ́n fi yan Ed Miliband ní oṣù kẹsàn-án. Lọ́dún 2015, Miliband pàdánù, Harman tún di adelé títí di ìgbà tí Jeremy Corbyn wọlé. Kò dupò olórí nígbà méjèèjì, adelé tí kò bá dupò kò sì ní ibi tó máa bá dé ọ̀hún.

Nígbà kejì yẹn, ó tún fi ẹsẹ̀ kọ òkúta kan náà. Ìjọba Conservative gbé òfin wá láti gé owó ìrànwọ́, Harman sì ní kí àwọn aṣòfin Labour má ṣe dìbò rárá. Aṣòfin 48 kò gbọ́, wọ́n dìbò ta ko òfin náà. Ọ̀pọ̀ gbà pé ìbínú ọjọ́ yẹn wà lára ohun tó gbé Corbyn wọlé.

## Kí ló ṣe tó ṣì wà nílẹ̀?

Equality Act ọdún 2010. Ká tó ṣe é, òfin tó de ìyàtọ̀-ṣíṣe wà káàkiri: ti owó oṣù obìnrin lọ́dún 1970, ti akọ àti abo lọ́dún 1975, ti ẹ̀yà lọ́dún 1976, ti abirùn lọ́dún 1995, àti ọ̀pọ̀ mìíràn. Ẹni tí wọ́n fìyà jẹ níbi iṣẹ́ kò mọ èyí tó máa gbá mú. Harman kó gbogbo rẹ̀ sínú òfin kan. Nǹkan mẹ́sàn-án ni òfin náà ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ torí rẹ̀ fìyà jẹ èèyàn: ọjọ́ orí, àìlera ara, yíyí akọ padà sí abo tàbí abo sí akọ, ìgbéyàwó, oyún àti ìbímọ, ẹ̀yà, ẹ̀sìn tàbí ìgbàgbọ́, jíjẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, àti ẹni tí ọkàn èèyàn ń fà sí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yà kò mọ sórí àwọ̀ nìkan; ìlú tí èèyàn ti wá wà lára rẹ̀. Bí ọ̀gá bá torí pé ẹ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà fi ìgbéga dù yín, òfin yìí ni lọ́yà máa mú jáde.

Láti inú rẹ̀ náà ni àṣẹ ti wá pé iléeṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 250 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ máa gbé àlàfo tó wà láàárín owó ọkùnrin àti ti obìnrin jáde lọ́dọọdún. Ọdún 2017 ni ìyẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí pé òfin lè wà kí ìjọba má tíì tan iná sí apá kan rẹ̀. Apá àkọ́kọ́ pàápàá, tó ní kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba máa ro ti tálákà bí wọ́n bá ń ṣètò, ìjọba tó dé lẹ́yìn Labour kọ̀ láti lò ó ní England. Scotland bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó lọ́dún 2018, Wales lọ́dún 2021.

Díẹ̀ ló kù kí gbogbo òfin náà má ṣeé ṣe. Ọba obìnrin fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 2010, ilé sì tú ká ní ọjọ́ 12 oṣù náà. Bí òfin kò bá tíì parí nígbà tí ilé tú ká, ó kú nìyẹn.

## Kí ni Ìyá Ilé?

Ọjọ́ ti pẹ́ tí Commons ti ń pe aṣòfin tó pẹ́ jù láìdáwọ́ dúró ní Father of the House. Bí méjì bá wọlé lọ́jọ́ kan náà, ẹni tó kọ́kọ́ búra ni. Iṣẹ́ rẹ̀ gidi kò ju ọ̀kan lọ: òun ló ń darí ìjókòó nígbà tí wọ́n bá ń yan Abẹnugan. Ní oṣù kẹfà ọdún 2017, Theresa May tó jẹ́ Olóòtú Ìjọba pe Harman ní Mother of the House, Ìyá Ilé, gẹ́gẹ́ bí obìnrin tó pẹ́ jù. Orúkọ ọlá ni, kò ní àṣẹ nínú. Ken Clarke, tó wọlé lọ́dún 1970, ni bàbá ilé nígbà yẹn. Lónìí, Edward Leigh ni bàbá ilé, Diane Abbott sì ni ìyá.

Harman lo orúkọ ọlá yẹn dáadáa. Nígbà yẹn, MP tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ kò ní ìsinmi tó dájú. Ohun tó wà nígbà náà ni àdéhùn ẹnu: ẹgbẹ́ kejì á ní kí ẹnì kan lọ́dọ̀ tiwọn má dìbò, kí iye náà lè dọ́gba. Ní oṣù keje ọdún 2018, àdéhùn yẹn já: Brandon Lewis ti Conservative dìbò, bẹ́ẹ̀ òun ni wọ́n fi dọ́gba pẹ̀lú Jo Swinson tó wà nílé pẹ̀lú ọmọ tuntun. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, Tulip Siddiq sún ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fẹ́ fi gbẹ̀bí rẹ̀ síwájú, wọ́n sì fi kẹ̀kẹ́ aláìlera tì í wọlé kó lè dìbò lórí Brexit, ìyẹn bí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe máa kúrò nínú àjọ Yúróòpù. Kí oṣù yẹn tó parí, ilé gba ohun tí Harman àtàwọn mìíràn ti ń bẹ̀bẹ̀ fún: MP tó bímọ lè yan ẹlòmíràn láti bá a dìbò.

## Ṣé wọ́n lè lé MP? Ṣé ó lè kọ̀wé fipò sílẹ̀?

Olóòtú Ìjọba kò lè lé MP. Ilé fúnra rẹ̀ ló ń bá aṣòfin wí, Harman sì ló darí ìbáwí tó le jù lọ lásìkò yìí. Lọ́dún 2022, ilé ní kí ìgbìmọ̀ kan wádìí bóyá Boris Johnson, Olóòtú Ìjọba nígbà yẹn, mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ fún ilé nípa àwọn àpèjẹ tó wáyé ní ọ́fíìsì rẹ̀ nígbà kòrónà. Èèyàn méje ló wà níbẹ̀: Conservative mẹ́rin, Labour méjì, àti ẹnì kan láti SNP, ẹgbẹ́ òṣèlú ilẹ̀ Scotland. Chris Bryant tó jẹ́ alága yọ ara rẹ̀ torí pé ó ti sọ̀rọ̀ lórí ẹjọ́ náà, wọ́n sì fi Harman sípò rẹ̀. Oṣù díẹ̀ ṣáájú ni Jack Dromey ọkọ rẹ̀, tó ti di MP lọ́dún 2010, kú.

Bí ilé bá ní kí MP lọ rọ́kún nílé fún ọjọ́ ìjókòó mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á ṣí ìwé kan ní ẹkùn rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún àwọn olùdìbò ibẹ̀ bá fọwọ́ sí i, ìjókòó rẹ̀ ṣófo, wọ́n á sì tún ìbò dì. Nígbà tí Johnson rí ohun tí ìgbìmọ̀ fẹ́ kọ, kò dúró. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹfà ọdún 2023, ó kéde pé òun ń lọ. Ìwé ìgbìmọ̀ jáde ní ọjọ́ 15, ó ní ọjọ́ 90 ni ìyà rẹ̀ ì bá jẹ́. Ilé fi ìbò 354 sí 7 gbà á.

Láti ọdún 1624 ni ilé ti ní MP kò lè kàn kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ọgbọ́n tí wọ́n ń dá ni pé MP á tọrọ iṣẹ́ ọba kan tí kò ní iṣẹ́ nínú, bí alábòójútó Chiltern Hundreds. Ẹni tó bá gba irú iṣẹ́ ọba bẹ́ẹ̀ kò lè jẹ́ MP mọ́. Bí Johnson ṣe jáde nìyẹn. Harman kò nílò rẹ̀. Ó ti kéde ní oṣù kejìlá ọdún 2021 pé òun kò ní dupò mọ́, ó sì ṣiṣẹ́ títí ilé fi tú ká.

## Baroness wá ńkọ́?

Wọ́n fi Harman sí House of Lords lọ́dún 2024, orúkọ oyè rẹ̀ sì ni Baroness Harman, of Peckham. Kò bá ọba tan. Oyè tó máa jẹ́ títí ayé rẹ̀ ni, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì ní jogún rẹ̀. Ní Lords, ó lè tún òfin yẹ̀ wò, ó sì lè dá sí àròyé. Àwọn Lords lápapọ̀ lè fa òfin sẹ́yìn fún nǹkan bí ọdún kan, àmọ́ wọn kò lè dí Commons lọ́wọ́ títí láé. Kò lè dìbò nínú ìdìbò gbogbogbòò mọ́. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, ìjọba tún fi í ṣe aṣojú pàtàkì fún ọ̀rọ̀ obìnrin àti ọmọbìnrin káàkiri ayé.

Kò ní ẹkùn ìdìbò mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Peckham wà nínú orúkọ oyè rẹ̀. Miatta Fahnbulleh, tí wọ́n bí ní Làìbéríà, ni Peckham yàn ní ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 2024. Ẹ̀yin tí Harman ń bójú tó ìwé yín kó tó lọ, ọ́fíìsì Fahnbulleh ni kí ẹ kọ̀wé sí. Ẹ tún àlàyé yín ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo nọ́ńbà àti ẹ̀dà lẹ́tà, torí pé ìwé aráàlú kì í ṣàdédé ti ọwọ́ MP kan bọ́ sọ́wọ́ èyí tó tẹ̀ lé e.